Kúẹ́rì Tí Bàbá Kọ sí Tòkunbọ̀

Bàbá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kúẹ́rì, ìwé wí-tẹnu-rẹ ti ọ́fíìsì, ló ṣì ń kọ sí wa nílé, ní Festac. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Tòkunbọ̀, sùn síta láìsọ fẹ́nikẹ́ni, Bàbá kọ ọ́ sí i pé kó fèsì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Tòkunbọ̀ kó jáde. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni kò fi wálé.

Lánàá, ó gbà láti bá wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń bá ìdílé yanjú aáwọ̀. Tòkunbọ̀ mú kúẹ́rì náà dání.

Obìnrin náà ní, “Bàbá, ẹ fẹnu sọ ohun tí ẹ kọ.”

Bàbá wo ìwé náà títí. “Lóru ọjọ́ yẹn, mo rò pé ọmọ mi ti kú ni.”

Tòkunbọ̀ ní, “Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀, sà.”

“Ìwọ náà ò fèsì.”

Tòkunbọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀. “Èsì mi rèé, sà.”

Bàbá fà á dìde, kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí a fi délé.