Aránṣọ Ń Wá Olóòótọ́

Agbaṣẹ́ṣe kejì fi ìkúùkù gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. "Ògiri lásán! Kò sí wàhálà rárá, Màdáámú. Bí ẹ bá ní kó lọ lónìí, ó lọ nìyẹn."

Aránṣọ bá a rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti pa á rẹ́ lọ́kàn kó tó ti ilẹ̀kùn. Ògiri tí wọ́n ń wí yìí ló gbé gbogbo òkè ilé dúró. Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ilé náà ti fi hàn án láti kékeré. Ẹni tó bá wó o, orí ara rẹ̀ ni yóò wó ilé lé. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi ń sọ fún gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó bá wá pé òun fẹ́ kí ògiri náà kúrò. Ó ń wá ẹni tí yóò wo ojú òun, tí yóò ní rárá.

Ìyá rẹ̀ ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun itan rẹ̀ kán, kò sì ní lè gun òkè mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ di ibùsùn, kí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé màmá kúrò ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó tún àjà ilé ìdáná ṣe lọ́dún tó kọjá búra pé kò séwu. Kò pẹ́ tí àjà já lulẹ̀ sórí sítóòfù. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sí ẹni tó ń dáná. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Aránṣọ kò tilẹ̀ sá. Ńṣe ló ń dán ekòló wò. Kò sí ẹni tí yóò fi orí ìyá òun kọ́ṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó mú agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ wá, fi ẹ̀hónú pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ní ọ̀rẹ́ mi ò yege. Kí lẹ tiẹ̀ ń wá gan-an?"

"Olóòótọ́."

"Ẹ̀yin aránṣọ? Ẹ̀yin lẹ ń wá olóòótọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gé fóònù.

Ẹ̀kẹta dé nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í sáré, kì í sì í pariwo. Ó fọwọ́ kan ògiri náà, ó gun òkè lọ, ó rìn yíká níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ògiri yìí ò ní kúrò."

"Àwọn méjì tó ṣáájú yín ní kò sí wàhálà."

"Ẹ yáa pè wọ́n padà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ilé kọ́kọ́ kó jáde o."

Inú Aránṣọ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ yege! Mo mọ̀ pé kò lè kúrò. Mo kàn ń dán yín wò ni."

Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Màdáámú, inú ògiri ò ṣeé rí. Bí ẹ bá ní páìpù omi gba apá ọ̀tún, apá òsì ni màá fọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ tún ń dán mi wò ńkọ́? Mi ò lè ṣe iṣẹ́ yín." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ojú ti Aránṣọ, inú sì bí i. Ta ní ń yege tó tún ń bínú? Ó mú fóònù láti pe ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀, ẹni tí yóò dé kí omi tó hó lórí iná. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó tún mú un. Ìyá rẹ̀ ló ń rí lọ́kàn, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òkè ilé yẹn, tó sì gbà pé ọmọ òun ti bójú tó gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ fún un láti àárọ̀, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé lọ. Ó wọ bàtà, ó sì wá a lọ síbi iṣẹ́.

Ó bá a níbi tó ti ń rẹ́ ògiri ilé kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣe àṣejù."

Jẹ́jẹ́ ò dáwọ́ dúró. "Kí ni nǹkan mìíràn tí ẹ sọ fún mi tí kì í ṣòótọ́?"

Ó fẹ́ ní kò sí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní Sátidé ni ìyá mi ń bọ̀. Irọ́ ni. Ó di ìparí oṣù."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ Sátidé?"

"Kí ẹ lè tètè ṣe é ni. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá sọ ọjọ́ gan-an fún yín..." Ó rántí pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà, ó gé e síbẹ̀.

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. "Ọ̀la ò ṣeé ṣe o. Màá kọ́kọ́ parí tibí. Ọjọ́bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ tiyín, màmá á sì bá yàrá wọn nílẹ̀."

Aránṣọ gbà á gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, kò fi ọjọ́ kankan kún un.

Kò lọ sílé tààrà. Ṣọ́ọ̀bù ló yà sí. Oníbàárà wo ni kì í parọ́ ọjọ́ fún aránṣọ? Òde tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ní ọ̀tunla ni. Òun náà kì í bá wọn jà. Á kàn gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, á tì í bọ abẹ́ àwọn tó kù. Ó fa aṣọ aláwọ̀ búlúù kan yọ lábẹ́ òkìtì aṣọ, ó sì pe ọmọbìnrin tó ni ín.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo gan-an lo fẹ́ wọ aṣọ yìí?"

"Ọ̀la ni, Mà. Mo ti sọ fún yín, ọ̀la ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni?"

Aránṣọ wo aṣọ náà. "Ó ku bọ́tìnì nìkan": irọ́ yẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ.

"Mi ò tíì gé e," ló sọ. "Ṣùgbọ́n wá mú un láàárọ̀ ọ̀la."

Ọmọbìnrin náà rọra bi í pé, "Ẹ má bínú, Mà. Ṣé ọ̀la tòótọ́ ni, àbí ọ̀la àwọn aránṣọ?"

Inú kò bí i. Ohun tí òun náà ti ń bi àwọn agbaṣẹ́ṣe láti àárọ̀ ni. Ó tan iná, ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó sì mú sísọ́ọ̀sì.