Ẹ Bá Mi Pè É

Ara Ọlájùmọ̀kẹ́ kì í balẹ̀. Bí ó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì. Bí ó bá dìde, á máa wá ibi tí yóò lọ. Ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ a máa sọ pé ojú ọ̀nà oko ni òun bí i sí, pé ìyẹn ni kò ṣe lè dúró sójú kan. Tíṣà ni, èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Òkokomáíkò, ó sì tún ń lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lópin ọ̀sẹ̀, kí òun náà lè gba dìgírì. Nígbà tí ọdún 1991 fi máa wọlé, ó ti ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ tán. Ó ku pùrójẹ́ẹ̀tì nìkan, èyí sì há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Ewì ló fẹ́ kọ iṣẹ́ lé lórí, ṣùgbọ́n ìwé ewì wo ni wọn ò tíì kọ iṣẹ́ lé lórí? Èyí tó bá gbé lọ bá Dókítà Ògúndìran, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà á wò ó láti òkè ìgò ojú rẹ̀, á ní, "Eléyìí, wọ́n ti jẹ ẹ́ ku egungun. Lọ wá ẹran tútù wá." Ọmọ Èkìtì bíi tirẹ̀ ni Dókítà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìwé, Dókítà kì í mọ ará ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ti ilé-ìwé bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ Àtàndá. Àtàndá a máa tẹ́ ìwé àlòkù sórí tapólì lẹ́bàá títì Badagry: ìwé ìdánwò lókè, ìwé àdúrà láàárín, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n wà fún nísàlẹ̀ pátápátá. Ọlájùmọ̀kẹ́ ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni kí òun máa wò. Ó lóṣòó tì í, ó ń tú u bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn, títí ìwé pẹlẹbẹ kan fi yọ jáde. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá, òjò sì ti bà á jẹ́ létí. *Ilẹ̀ Ti Ń Ṣú: Àkójọ Ewì*, láti ọwọ́ A. R. Dúrósinmí. Kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó ṣí ìwé náà láàárín.

*Mo rán ọmọ mi níṣẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú,*
*Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá, ẹ bá mi pè é.*
*Ẹni tó ń lọ sójà, ẹ bá mi pè é,*
*Ẹni tó ń tọjà bọ̀, ẹ bá mi pè é.*
*Bí kò bá tilẹ̀ dáhùn,*
*Ẹ ṣáà máa pè é.*

"Àǹtí, ṣé kò sí o?" Àtàndá ló ń bi í. "Ẹ ti ń wo ojú kan náà láti àárọ̀."

Ó sanwó, ó sì ń ka ìwé náà lọ bí ó ti ń rìn. Ó kọ lu aláàárù kan tó gbé tẹlifíṣàn jáde láti ọjà Àlàbá. Aláàárù náà bú u ní èdè tí kò gbọ́, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbó-Elérin ni ilé rẹ̀ wà, ilé gbọ̀ọ̀rọ̀ oníyàrá púpọ̀, ti Àlàájì Rájí. Bàbá Mùsítúrà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé bí ìṣe rẹ̀. Àgbàlagbà kan ni, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mùsítúrà fúnra rẹ̀ kò wá kí i rí. Òkè ọya ni wọ́n ní ó wà.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Mùsítúrà."

"Àǹtí Tíṣà, káàbọ̀. Rọra, ilé ò sá lọ."

Ó ti wọlé kí bàbá tó parí ọ̀rọ̀. Ìdúró ló fi ka ìwé náà tán, kò rántí jókòó, kò rántí jẹun. Inú rẹ̀ ń dùn, àyà rẹ̀ sì ń já, bí ẹni tó rí nǹkan he tí kò fẹ́ kí ẹni tó ni ín yọ lókèèrè.

Nígbà tí Dókítà Ògúndìran ka ewì náà, ó fò dìde. "Ọmọ yìí, Nàìjíríà ni! Àbí o ò rí i? Àwọn tó gba òmìnira ló rán an níṣẹ́. Ilẹ̀ tó ń ṣú, ìjọba sójà nìyẹn. Jùmọ̀kẹ́, o ti rí ẹran tútù!"

Ọlájùmọ̀kẹ́ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun náà ṣe rò ó. Irọ́ ni, kò tíì rò ó débì kankan, ewì náà kàn wọ̀ ọ́ lọ́kàn lásán ni. Ṣùgbọ́n àlàyé náà dára, ó ga, ó jọ ọ̀rọ̀ yunifásítì. Kò pẹ́ tí ó fi kọ ojú ewé rẹpẹtẹ lórí Nàìjíríà tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò dé.

"Ó ku nǹkan kan," Dókítà wí. "Bí akéwì bá wà láàyè, a kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wá a rí kí oṣù kẹfà tó tán. A ó pè é wá síbí, gbogbo ẹ̀ka ni yóò gbọ́ ọ. Bí o ò bá rí i, o di èrò ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé mìíràn."

Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Olórí ilé-ìwé rẹ̀ ti sọ fún un pé ipò igbá-kejì yóò ṣófo lọ́dún náà, pé ẹni tó bá ní dìgírì lọ́wọ́ ni wọn yóò fi sí i. Ọlájùmọ̀kẹ́ mú ọ̀nà pọ̀n. Ó lọ sí Ìbàdàn, wọn kò mọ akéwì náà ní ilé rédíò. Ó lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi ẹlòmíràn hàn án, Dúrósinmí tó ń ta ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń jáde láàárọ̀, Bàbá Mùsítúrà á bi í pé níbo tún ni, á ní òun ń wá ẹnì kan ni, bàbá á sì ṣàdúrà pé Ọlọ́run á jẹ́ kó rí i. Bàbá kò béèrè ẹni tó ń wá, òun náà kò sọ. Ta ló ń bá àgbàlagbà orí bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀ ìwé?

Oṣù kẹfà ti ń lọ sópin kí ó tó rí ilé ìtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà, ní Ṣómólú. Baba tó ni ẹ̀rọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún tàdáwà.

"Dúrósinmí? Tíṣà ará Ṣakí? Mo mọ̀ ọ́n. Ó wá kó ìwé tó kù lọ nígbà tó kó wá sí Èkó. Ẹ̀bá yín lọ́hùn-ún ló wà, ní Igbó-Elérin. Ilé Àlàájì Rájí, ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé."

Ẹni tó bá pa òwe Sókótó fún Ọlájùmọ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, yóò gbá a létí ni. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ka àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì. Bọ̀dá Mẹkáníìkì. Mọ́mì Ṣẹ́gun tí wọ́n ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Bàbá Mùsítúrà. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Wọ́n ti jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà láti ọdún pípẹ́, wọ́n ti jọ gbé òkú, wọ́n ti jọ kó ọmọ jáde, kò sì mọ orúkọ kankan. Òun gan-an, ta ló mọ̀ pé Ọlájùmọ̀kẹ́ ni òun ń jẹ́? Àṣà wa rí bẹ́ẹ̀. A kì í fi orúkọ pe àgbà, ohun tí a ò sì ní pè, kí ni a fẹ́ béèrè rẹ̀ fún?

Ó sáré wọ ẹ̀yìnkùlé, kò tilẹ̀ rántí kí àwọn ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ Dúrósinmí nínú ilé yìí?"

"Ta nìyẹn?" Ìyá Ìbejì gbé ojú sókè níbi tó ti ń fọ aṣọ. "Ṣé ọlọ́pàá ló ń wá a ni?"

Àlàájì Rájí, onílé, dá sí i láti ojú fèrèsé. "Kò sí irú ẹ̀ níbí jàre. Gbogbo téńáǹtì mi ni mo mọ̀."

Bàbá Mùsítúrà ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Búùtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì ṣàn lọ. Kò gbé e. Ó wo Ọlájùmọ̀kẹ́, ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí Tíṣà, jẹ́ ká lọ síwájú ilé."

Lórí bẹ́ǹṣì, Ọlájùmọ̀kẹ́ kò lè jókòó. Ó yọ ìwé náà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà! Mo wá yín dé Ìbàdàn! Ewì yín yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú lé lórí..."

"Nàìjíríà wo?" bàbá béèrè.

Ó na ìwé náà sí i.

"Mùsítúrà ni mo rán níṣẹ́. Mo ní kó lọ ra kẹrosíìnì wá. Mọ́tò agbégi ló gbá a, níwájú ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun nìkan ni mo bí." Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣí i. "Ará Ṣakí bá mi sunkún, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, gbogbo wọn yí orúkọ mi padà. Ẹni tó ti ń pè mí ní Bàbá Mùsítúrà tẹ́lẹ̀, ó di 'Tíṣà' lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń ṣàánú mi ni. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í dárúkọ ọmọ tó kú létí ẹni tó bí i. Ó wá di pé kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ láyé. Mo kọ ewì, wọn ò kà á. Ni mo bá kó wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tí mo gba yàrá, Àlàájì ní, 'Bàbá ta ni ká máa pè yín?' Mo ní Bàbá Mùsítúrà. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kan ò mọ́ kí wọ́n má pè é."

Ọlájùmọ̀kẹ́ wá jókòó. Ó rántí iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kígbe orúkọ náà, bóyá kí bàbá wá gbé garawa rẹ̀ kúrò lọ́nà, bóyá kí ó rẹ rédíò sílẹ̀.

"Mi ò ní kọ nípa ikú rẹ̀, sà. Orúkọ yín nìkan ni mo máa kọ. Ẹ kàn máa bá mi dé yunifásítì ni."

"Bí mo bá débẹ̀, wọ́n á bi mí ẹni tí mo kọ ọ́ fún. Mi ò lè purọ́ lórí ìwé yẹn. Ilé yìí á sì gbọ́. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n á ṣàánú mi." Bàbá dá ìwé náà padà fún un. "Àánú yẹn ni wọ́n á fi pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ ni. Mi ò ní kí o má ṣe é."

Inú bí i. Ká sọ òótọ́, inú bí i gidi. Ì bá sàn kí bàbá bẹ̀ ẹ́, tàbí kó bú u, ju kó gbé ẹrù náà lé e lórí lọ. Ó rìn láti Igbó-Elérin dé Ìbà, ó tún rìn padà. Ó ń bá ara rẹ̀ jà lójú ọ̀nà bí aṣiwèrè. Ọdún kan gbáko! Ìwọ̀sí tí ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ yóò fi lọ̀ ọ́, ipò igbá-kejì tí wọn yóò gbé fún ẹlòmíràn, gbogbo ojú ewé tó ti kọ. Nítorí ọmọ tó ti kú, tí òun kò rí rí? Ó ní òun yóò kọ ọ́. Ó dé ìdí ọsàn kan, ó ní òun kò ní kọ ọ́. Ó dé ibùdókọ̀, ó ní òun yóò kọ ọ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bàbá kò sì ní ẹni tí yóò sin ín. Orúkọ yẹn nìkan ló kù fún un, ẹnu àwọn aládùúgbò ló sì wà. Òun fẹ́ fi í ṣe dìgírì.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì Dókítà Ògúndìran, ó ti pinnu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lábẹ́ àga.

"Ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i, sà."

"Ó kú ni?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nu ún, ojú rẹ̀ korò. Ó ní ó ṣe òun láàánú, pé òfin ni òfin, kí ó lọ wá ìwé mìíràn, kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbé àwọn ojú ewé tí Ọlájùmọ̀kẹ́ ti kọ, ó fẹ́ dá wọn padà fún un, kò fẹ́ jọ̀wọ́ wọn.

"Ó mà ṣe o. Àlàyé tó dára tó báyìí. Màá fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣáá. Nàìjíríà ni ọmọ náà, kò sí àní-àní."

Ọlájùmọ̀kẹ́ ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí ó máa lọ. Ó yíjú padà.

"Rárá, sà," ó wí. "Ọmọ ni. Wọ́n rán an níṣẹ́, kò dé ni."