Orúkọ Tí Wọ́n Rán Sí Igun Aṣọ

Ní Titikaveka, abúlé kan ní erékùṣù àárín òkun, láyé ìgbà tí yanrìn òkun ṣì ń wọlé ẹni láìkanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí kò mọ àlùmọ́gàjí Mama Vereara. Dúdú ni, ó wúwo bí òkúta, ọwọ́ mìíràn kì í sì í kàn án. Obìnrin méje ló ń jókòó sórí ẹní nínú ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń rán tivaevae, aṣọ ìbùsùn olódòdó tí a fi ń bo àga ọmọ lọ́jọ́ ìgẹrun rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gé irun orí rẹ̀, tí a fi ń ta ìyàwó lọ́rẹ, tí a sì fi ń sin òkú ẹni ọ̀wọ́n. Àwọn méje ló ń rán an o, ṣùgbọ́n Mama Vereara nìkan ló ń gé e. Á ká aṣọ sí ọ̀nà mẹ́jọ, á wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ ìkókó, á wá ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Bó bá tú u ká, odidi ọgbà ló máa là sílẹ̀. Kì í yàwòrán kó tó gé e. Orí rẹ̀ ni gbogbo òdòdó náà ń gbé. Bí wọ́n bá rán an tán, wọn a rán orúkọ ẹni tó gé e sí igun rẹ̀, Vereara, Vereara, láti ìgbà tí ilé ti wà.

Upokoina, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ti lo ọdún mẹ́rìnlá lórí ẹní yẹn. Gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀ ti kó lọ sí Auckland lókè òkun, wọ́n ń ki ẹja sínú agolo nílé iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ló so òun mọ́ erékùṣù náà.

Ní ọdún kan, ibà dá Mama Vereara dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó dìde, iṣẹ́ kò tíì sún kúrò níbi tó fi í sí. Àwọn obìnrin méje náà jókòó, wọ́n ń hun fìlà.

“Kí ló dé?”

Tuaine ló dáhùn, òun ló dàgbà jù nínú wọn, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. “Mama, a ò mọ̀ bóyá òwú aláwọ̀ ewé ni ká fi rán etí rẹ̀ ni, àbí ti aláwọ̀ ìyeyè.”

“Tuaine, ọmọ mẹ́sàn-án lo bí láìbi mí léèrè.”

“Ìyẹn rọrùn, Mama. Kò gba òwú.”

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Mama Vereara kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn fìlà náà.

Kò pẹ́ sí i ni dókítà sọ fún un pé awọ ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Auckland, ó sì lè lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ilé máa tì pa nìyẹn. Upokoina ti ń gbóòórùn ẹja inú agolo.

Ní ọjọ́ kejì, Mama Vereara na àlùmọ́gàjí sí i.

“Kí n bá yín pọ́n ọn ni, Mama?”

“Kí o fi gé aṣọ ni.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Upokoina fi ń gé ìwé ìròyìn kọ́ṣẹ́. Mama Vereara á jókòó tì í, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan ara rẹ̀, kí wọ́n má baà sáré jáde. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ojúlówó aṣọ sílẹ̀. Ti Mama Akaiti ará Ngatangiia ni, ọ̀rẹ́ Mama Vereara láti kékeré, ẹni tó fẹ́ fi bo àga ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgẹrun. Upokoina ká a, ó gé e, ó tú u. Aṣọ já bọ́ sórí ẹní ní ègé mẹ́jọ.

“Ó ti di aṣọ ìnujú!” Tuaine pariwo. “Ẹ jẹ́ ká pín in, àwa mẹ́jọ la wà nínú ilé yìí, ó kárí!”

Omi lé ròrò sí Upokoina lójú. Ó tì í síwájú Mama Vereara. “Ẹ bá mi tún un ṣe.”

Ọwọ́ Mama kò kúrò lábẹ́ itan. “Kí ló dé tó fi já?”

“Mo gé etí ibi tí aṣọ ti ká délẹ̀. N kò dá ibi tó so ó pọ̀ sí.”

“Bí tèmi àkọ́kọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe, ó dára rèǹtè-rente. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí mọ́. Lọ mú aṣọ mìíràn.”

Èkejì kò já. Ewé gbẹ̀rẹ̀fútù ni Upokoina gé, gbàǹgbà-gbàǹgbà, àyè fífẹ̀ láàárín wọn, kò jọ òdòdó wẹ́wẹ́ ti Mama Vereara rárá. Mama gbé ojú sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ etí àwọn ewé náà yípo.

“Èmi kì bá tí gé e báyìí.”

Ó gbójú sókè kúrò lára aṣọ.

“Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe èmi,” ó ní. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Mama Vereara wọ bàálù nígbà tí Mama Akaiti wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó pàtẹ́wọ́. “Vereara, o tún ti ṣe é!”

“Èmi kọ́. Upokoina ló gé e.”

Ojú Mama Akaiti yí padà. “Kò burú. Ṣùgbọ́n orúkọ tìrẹ ni wọ́n máa rán sí i. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti erékùṣù Aitutaki.”

“Orúkọ ẹni tó gé e la máa ń rán.”

“Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi. Wàá sì mọ̀, àyàfi tí awọ bá ti ń bo ojú tìrẹ náà.”

“Olóríkunkun! Láti ilé ìwé lo ti rí báyìí!” Mama Akaiti gba ìta lọ, kò sọ bóyá òun ń padà bọ̀. Àwọn obìnrin bínú sí Mama Vereara lọ́jọ́ náà. Tuaine fúnra rẹ̀ kò ṣàwàdà. Mama ní kí wọ́n máa rán aṣọ wọn lọ, ó sì fi igun aṣọ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó gun bàálù, kò fi àṣẹ kankan sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe ìgẹrun nígbà tí Mama Akaiti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ aṣọ náà wò láti òkè délẹ̀, ó rọra fa Upokoina sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ mi, Vereara kò sí nílé. Fi òwú kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fún mi. Kò kúkú lè rí i.”

Upokoina wo àwọn obìnrin. Wọ́n tẹrí mọ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kankan kò lọ. Ó mọ̀ pé bí Mama Akaiti bá fi ìbínú jáde lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ará Ngatangiia tó máa tún wá síbẹ̀, Auckland á sì wá kù bí ìṣísẹ̀ kan.

“Mama, ẹ má bínú. Orúkọ tèmi ni mo máa rán sí i. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, a óò wá ẹni tó fẹ́ ẹ.”

Ó jókòó, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú u. Mama Akaiti dúró tì í títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn.

“Ẹ wo ilé olóríkunkun,” ó wí níkẹyìn. “Vereara lọ tán, ó tún fi èyí sílẹ̀ fún wa! Ẹ bá mi dì í.”

Nígbà tó ti gbé e lọ, Tuaine na òwú méjì sókè, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì ki ti aláwọ̀ ìyeyè bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣọ títí oòrùn fi yẹ̀ lójú fèrèsé. Upokoina ká aṣọ mìíràn sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé láti àárọ̀, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tó béèrè ohun tí Mama Vereara ì bá sọ.