Ògiri Ilé Àna

Hàjàrá, ẹni tí a jọ ń yan gàrí ní Lalupon, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ilé bàbá rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, nígbà tí Sàníù ń fẹ́ àbúrò rẹ̀, Rùqáyyàh.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ a máa sin àna rẹ̀. Àwọn mìíràn á kó ọ̀rẹ́ wá ro oko bàbá ìyàwó. Sàníù kì í ṣe àgbẹ̀, iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ló ń ṣe ní Ṣáṣá. Alájì Ọládòṣù, bàbá wọn, wá ní kí ó bá òun ṣe ṣáwà sí balùwẹ̀ tuntun, irú èyí tí páìpù rẹ̀ ń wà nínú ògiri, tí ọwọ́ tí a fi ń ṣí omi nìkan ń yọ síta lára táìlì.

Ó so páìpù tán. Ó yẹ kí ó fi omi dán an wò kí ó tó bò ó, ṣùgbọ́n táńkì gbẹ.

Hàjàrá ní, “Sàníù, ṣé ká pọnmi sí i fún ọ?”

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Èmi kí n máa rán ará ilé àna mi lómi?”

Ó gbé korobá, ó lọ sídìí kànga fúnra rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo ọkọ ìyàwó! Kò tíì gbé e délé, ó ti ń pọnmi!”

“Rùqáyyàh, o mà ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ o!”

Ojú tì í. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó padà wọlé, ó sì fi sìmẹ́ǹtì bo páìpù. Nígbà tí wọ́n lẹ táìlì tán, ó fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ ìdérí irin tó yí ọwọ́ omi náà ká mọ́ táìlì. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìlẹ̀, kí omi lè gba iwájú jáde bí ó bá ń jò. Sàníù lẹ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kí ó lè wu àna rẹ̀.

Alájì bi í pé, “Ṣé o ti dán an wò?”

“Mo ti dán an wò, bàbá. Ó dára.”

Ní Jímọ̀ tí àwọn àgbà wá láti dá ọjọ́ nìkáì, ìyẹn ìsoyìgì, Alájì kọ́kọ́ wẹ̀ ní balùwẹ̀ náà. Pálọ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Bàbá Àkànbí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fẹ̀yìn tì í, ó sì fò dìde tòun ti agbádá tútù.

“Alájì, ṣé ògiri yín náà ń ṣe àlùwàlá ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Rùqáyyàh kò lè gbójú sókè. Wọn kò dá ọjọ́ kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Sàníù fọ́ táìlì. Ibi tí páìpù ti so mọ́ irin ọwọ́ omi ló ń jò. Ó tún un so, ó pọnmi fúnra rẹ̀, ó dán an wò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alájì dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. “Sàníù, kò sí oníṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè, o parọ́ fún mi. Ọjọ́ tí ara ọmọ mi kò bá yá nílé rẹ, ṣé wàá lè wá sọ fún mi, àbí ojú á tún tì ọ́?”

Sàníù dọ̀bálẹ̀.

“Ìdáhùn ni mo fẹ́, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀.”

Rùqáyyàh ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bàbá lóhùn.”

Hàjàrá ní Sàníù dìde nílẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbá èérún táìlì jọ mọ́ tónítóní, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Rùqáyyàh tẹ̀ lé e dé etí títì, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Sàníù gun ọ̀kadà tó kọ́kọ́ dúró, kò bojú wẹ̀yìn.