Orin Inú Àwo Géèmù

Rosemary Adéníjì da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí gọ́tà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níwájú ìjọ wa ní Kabusa lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tó kàwé ju àlùfáà lọ, ló ní orin ìwòsàn tí màmá mi ń kọ ti tó òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó já sómi.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí orin náà ti wá.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ibà dá Mọ́mì dùbúlẹ̀. Bàbá mi ti ra ẹ̀rọ géèmù Japan kan, tòkunbọ̀ tó ti gbó. Mọ́mì ní nǹkan èṣù ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Tó bá ti sùn báyìí, mo ti tàn án. Kọ́tìnnì lásán ló wà láàárín wa. Àwọn géèmù ayé ìgbà yẹn, tìn-ìn tìn-ìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń ké, àmọ́ àwo bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù ni tèmi ń lò, ohùn èèyàn gan-an sì wà nínú rẹ̀. Téèyàn bá ṣẹ́gun dé òpin, obìnrin kan á kọrin, ohùn rẹ̀ á há díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Mo ṣẹ́gun. Mo gbọ́ orin náà ní àgbọ́túngbọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí ibà lọ, Mọ́mì dìde pẹ̀lú orin yẹn lẹ́nu. Ìjọ ní èdè áńgẹ́lì ni. Wọ́n ní tìn-ìn tìn-ìn tó ń fi parí rẹ̀, agogo ọ̀run ni. Agogo ọ̀run wo? Ìgbà tí orin bá parí, tí ẹ̀rọ náà fẹ́ kéèyàn tẹ bọ́tìnnì, ló ń ké bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú? Mo panu mọ́ fún ogún ọdún.

Rẹ́díò ọkọ̀ àti ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni mo ń tún ṣe ní Apo báyìí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀rọ géèmù ìgbà yẹn wá sílé Mọ́mì.

"Ọkọ ni mo ní kó o mú wálé," ó ní, "irin lo gbé dé."

"Ẹ jókòó ná, Mọ́mì."

Mo tàn án. Obìnrin yẹn kọrin. Nígbà tó kan tìn-ìn tìn-ìn, ètè Mọ́mì ń bá a lọ, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwo."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dìde."

"Abíọ́nà. Ẹnu tó o fi ń bú ọlọ́pàá lójú títì, ibo lo gbé e sí?"

Mo pa ẹ̀rọ náà. "Ẹ bínú sí mi tó bá yá. Rosemary ò lo oògùn mọ́."

Ó wé gèlè rẹ̀, a jáde.

Orí àga gígùn nílé rẹ̀ la bá Rosemary, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Jemimah, àbúrò rẹ̀, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mọ́mì ò tiẹ̀ jókòó. "Orin yẹn kì í ṣe ti ọ̀run. Nínú géèmù ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí ibà ń ṣe mí."

Rosemary rẹ́rìn-ín. "Ìrẹ̀lẹ̀ yín ti pọ̀ jù, Màmá. Ẹ kọ ọ́ fún mi, orí ń fọ́ mi."

Mo la ẹnu. Mọ́mì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Dákẹ́. Ṣebí o mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́." Ó yíjú sí Jemimah. "Ṣé oògùn kankan ṣẹ́ kù?"

Jemimah fa páálí kan jáde nínú báàgì ara rẹ̀. Ó ti ra òmíràn pamọ́.

"Gbé e mì, Rosemary, kí n tó la ẹnu."

"Màmá, ìgbàgbọ́ mi ńkọ́?"

"Ìgbàgbọ́ rẹ wà nínú orin. Orin wà lẹ́nu mi. Ẹnu mi sì ní kó o lo oògùn. Àràárọ̀ ni màá máa wá. Ọjọ́ tó ò bá lò ó, mi ò ní kọ ọ́."

Jemimah bu omi wá pẹ̀lú oògùn, Rosemary sì gbà á. Ó gbé e mì, ó sì di ojú, ó ń retí.

Láti ogún ọdún, Mọ́mì kì í kọ orin yẹn láìdijú. Lọ́jọ́ náà ojú rẹ̀ là kedere, èmi ló sì ń wò títí ó fi kọ ọ́ dé òpin. Nígbà tó kan ibi agogo, ó panu mọ́. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi.

Èmi ni mo ké tìn-ìn tìn-ìn náà.