Ohùn Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó wà lórí ìdúró kó wá ibì kan fìdí lé, ẹni tó pọn ọmọ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ọmọ náà gbọ́. Ìtàn yìí dùn débi pé ẹ̀rín ti fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Agogo. Kó tó di aṣòfin, orin ìpolówó ọjà ló fi ń jẹun. Bí ẹ bá ń ta ọṣẹ, ẹ lọ bá a. Bí ẹ bá ń ta bàtà, òun náà ni. Á lé e lórí rédíò, àwọn ọmọdé á máa gbè é lójú pópó:

Aṣọ rẹ ti dọ̀tí o,
Fọ̀ ọ́!
Ọkọ rẹ ń wò ọ́ o,
Fọ̀ ọ́!
Ìyá ọkọ ń bọ̀ lọ́nà,
Yéè, tètè fọ̀ ọ́!

Orin ọṣẹ yìí ló gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí ìbò dé, àwọn ará ìlú ò mọ èyí tó ń jẹ́ èwo nínú àwọn tó ń du ipò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀.

Nílé aṣòfin ọ̀hún, ohùn ni wọ́n fi ń dìbò. Abẹnugan, ìyẹn olórí ilé, á bèèrè pé, "Ta ló fara mọ́ ọn?" Àwọn tó fẹ́ ẹ á ké pé, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Á tún bèèrè pé, "Ta ni kò fara mọ́ ọn?" Àwọn tí kò fẹ́ ẹ á ké pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́!" Ariwo tó bá pọ̀ jù ló jàre. Ẹgbẹ́ òṣèlú Ohùn-Agogo rí i pé oyin ti bọ́ sáwọn lẹ́nu. Wọ́n ní kó máa lé, káwọn máa gbè é. Ó di àṣà. Kò sí èyí tó tún ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé kí ni òfin wí. Ẹlòmíràn á sùn, á máa hanrun, ṣùgbọ́n bí Ohùn-Agogo bá ti lé, á gbè é lójú oorun.

Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ náà nínú ilé ni wọ́n sọ ní Pàṣán, nítorí aṣòfin tó bá yà kúrò lọ́nà, á nà án padà sínú agbo. Òun ló dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan tó ní, "Màmá, òfin kan ń bọ̀ lórí rédíò. Ó máa pa àwọn olóògùn ayédèrú tó ń fi ìpolówó tan aráyé lẹ́nu mọ́. Ṣé ẹ ó lé e fún wa?"

Ohùn-Agogo fẹ́ràn kí wọ́n máa yẹ́ òun sí. Ó ní, "Kí ló dé tí mi ò ní lé e? Mo gbà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò bèèrè ohun tó kù nínú òfin.

Àbúrò rẹ̀ ló wá sọ ohun tó kù fún un, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé aṣòfin, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò. Àbúrò yìí ló ni ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan nílùú wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù oníwèé. Fóòmù ló lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo mọ́tò má baà bá ìròyìn wọlé, àga tó sì ń jókòó lé láti ka ìròyìn, ó ní láti fi ẹsẹ̀ tì í kó má baà ṣubú.

"Àǹtí mi, ẹ ti ka abala tó kẹ́yìn?"

"Abala wo? Ṣebí ti olóògùn ni."

"Olóògùn wà níwájú. Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Wọ́n ní rédíò kékeré ò gbọdọ̀ gba ìpolówó kankan mọ́, ì báà ṣe ti ọṣẹ, ì báà ṣe ti bàtà. Ìjọba ni yóò máa bọ́ wa."

"Báwo ni ìyẹn ṣe wá burú? Ẹni tí wọ́n ń bọ́, èéfín ò ní ta á lójú."

"Wọ́n á bọ́ mi títí dọjọ́ tí mo bá sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ṣe ti bàjẹ́. Abọ́ mi á gbẹ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹnu bá jẹ, Àǹtí mi, ojú á tì. Mi ò lè jókòó nídìí ẹ̀rọ kí n máa kí wọn láàárọ̀ lálẹ́ bí ayékòótọ́. Màá kúkú ti ilẹ̀kùn ni."

Ohùn-Agogo ní, "Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Mi ò ní kí ẹ má mú ìlérí yín ṣẹ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́."

Àbúrò náà gun àtẹ̀gùn lọ sókè, níbi tí ará ìlú ti ń jókòó wòran, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọhùn.

Nígbà tí Ohùn-Agogo wọlé, Pàṣán ti jókòó ti àga rẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ló máa ń jókòó. Ọkùnrin náà sanra. Ó gba àga tiẹ̀ tán, ó tún gba díẹ̀ nínú ti obìnrin náà. Ògiri wà lápá òsì, Pàṣán wà lápá ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde díẹ̀."

"Síbo?"

"Ọ̀fun ń gbẹ mí."

Pàṣán gbé omi síwájú rẹ̀. "Ẹ mu."

"Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Ẹ mú un mọ́ra, Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ ti lóyún rí, ìtọ̀ lẹ ò wá lè gbà mọ́ra?"

Ohùn-Agogo rọra ní, "Abala tó kẹ́yìn yẹn..."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti kà á." Pàṣán ò wojú rẹ̀. "Àbúrò yín ló jókòó sókè yẹn, àbí? Ẹ jọra. Ẹ gbọ́, Màmá. Bí ohùn yín ò bá jáde lónìí, kò ní jáde nílé yìí mọ́. Ẹlòmíràn la máa fà kalẹ̀ nígbà ìbò tó ń bọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ooru mú bí inú ààrò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ìṣó kan fèrèsé ilé náà pa nítorí ariwo ìta, fáànù tó wà lókè sì ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Aṣòfin kan dìde, ó ní ìpolówó ti pọ̀ jù lórí rédíò: ìròyìn òkú ń lọ lọ́wọ́, orin búrẹ́dì á já lù ú. "Rédíò kì í ṣe ọjà!"

Ọ̀kan lára àwọn alátakò fò sókè. "Ṣé ọjà kọ́ lẹ̀yin náà ń ná níbí? Ẹ gba ìpolówó lọ́wọ́ rédíò kékeré, ẹ fi sílẹ̀ fún rédíò ńlá, ẹ ní ẹ̀ ń tún afẹ́fẹ́ ṣe!"

"Jókòó, ẹlẹ́nu bí àdá!"

"Èmi tí mo lẹ́nu bí àdá sàn ju ìwọ tí wọ́n ń gbẹnu sọ fún!"

Abẹnugan lu òòlù rẹ̀ títí.

Gbogbo rẹ̀ ń kọjá lórí Ohùn-Agogo. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bó bá lé e, rédíò àbúrò rẹ̀ kú. Bó bá kọ̀, òun náà kú nínú òṣèlú. Orin kan ń lọ nínú rẹ̀, ó pa ẹnu dé mọ́ ọn:

Ìgèrè, ìgèrè,
Ẹnu ọ̀nà rẹ gbòòrò.
Ẹja wọlé, ó ń jó,
Ó yí padà, kò rọ́nà.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní òun á panu mọ́. Òun ò ní ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ò ní ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n máa fi mú un?

Agogo dún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó wà nínú má jáde, kí ẹni tó wà níta má wọlé.

"Ta ló fara mọ́ ọn?"

Ẹgbẹ́ ń retí ẹni tó máa lé e. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹnìkan wúkọ́. Àwọn bíi mélòó kan ní "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kán tó-tó-tó bí òjò tó ṣe bí ẹni má rọ̀. Pàṣán tẹ obìnrin náà lẹ́sẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀: "Ẹ lé e! Ẹ lé e! Ṣé ẹ̀mí ti gbé yín lọ ni?" Ibi tó ti ń bá a jà lọ́wọ́, Abẹnugan ti kọjá síwájú.

"Ta ni kò fara mọ́ ọn?"

Ohùn-Agogo gbójú sókè. Ó rò pé àbúrò òun á máa fi ojú bẹ òun. Rárá o. Àbúrò rẹ̀ ti kọ ojú sógiri, kí ojú òun má baà di ẹrù lórí ẹ̀gbọ́n. Nǹkan kan já nínú Ohùn-Agogo. Ohùn náà jáde kó tó mọ̀:

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ooo!"

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Agbo tó ti ń wá ẹni tó máa lé e, wọ́n gbè é bí ilé tó wó. "BẸ́Ẹ̀ KỌ́!" Alátakò ké, ọmọ ẹgbẹ́ ké, àwọn tó ń sùn ké lójú oorun. Pàṣán gan-an la ẹnu gbàràgàdà, ó ké e dópin. Ìgbà tó pa ẹnu dé ló tó mọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Ó fò sókè. "A fẹ́ kí wọ́n ka orí!"

Akọ̀wé ilé dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Kò burú, apá kan fún bẹ́ẹ̀ ni, apá kejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n òfin ilé wa ni pé ibi tí ẹnu bá lọ, ẹsẹ̀ gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè lọ dúró lápá bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ké jù," ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ jí mi."

Alátakò náà gbé ohùn sókè. "Rédíò ti ń gbé wa jáde láti àárọ̀. Ìyàwó yín á ti gbọ́ ohùn yín nílé."

Ilé rọ́ ẹ̀rín. Pàṣán wo ilẹ̀kùn: wọ́n tì í pa. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ lọ sápá bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dúró ti Ohùn-Agogo.

"Ẹ ti pa mí, Màmá."

"Kí n lé e lẹ bẹ̀ mí. Ṣé mi ò lé e ni?"

"Wọ́n máa yọ yín lẹ́gbẹ́."

"Bí wọ́n bá yọ èmi tí mo lé e, Bàbá, wọ́n á yọ gbogbo ẹni tó gbè é. Ta ló wá máa kù?"

Pàṣán fẹ́ bínú. Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó ní, "Ó dáa. A ó mú ti olóògùn nìkan padà wá. Ìyẹn, ẹ má ṣe é báyìí fún mi o."

"Ìyẹn, màá fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró lé e."

Òfin ṣubú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ wọlé. Àbúrò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, omi ti gba ojú rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ mú kí n sunkún níbi tí wọ́n ti ní ká má fọhùn."

"Nu ojú, ká lọ jẹun. Ebi ń pa mí ju ayọ̀ lọ."

Olóúnjẹ ilé aṣòfin ti se ìrẹsì àti ẹja kalẹ̀ láti ọ̀sán, ó sì ti ń bínú pé ó ń tutù. Wọ́n ya bò ó. Alátakò bá ọmọ ẹgbẹ́ jókòó, akọ̀wé bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, Pàṣán ní kí wọ́n fi orí ẹja kún tòun. Àbúrò tún bu, ẹ̀gbọ́n tún bu. Wọ́n jẹ títí ìkòkò fi dún wóró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wẹwọ́, wọ́n kíra wọn pé ó dàbọ̀, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ, ikùn kún, ọkàn balẹ̀.