Àwọn Tó Yin Ilé Àlejò Tiwalọlá

"Ẹ kà á sókè, Iye Tiwalọlá. Ẹ kà á kí èmi náà gbọ́."

Ọmọ́ṣọlá kò kí ènìyàn. Láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, kò sọ pé "Okun o," kò kúnlẹ̀, kò sì jókòó. Ó kàn na fóònù rẹ̀ sí Tabitha lójú. Tabitha mọ ọmọ yìí láti kékeré. Òun ló di irun rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí irú ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀ bá ti Àbújá wá sí Kabba, tí kò kí ẹni tó ń pè ní Iye, bí ìyá tó bí i, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó wá awò ojú rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, ó fi í sójú, ó sì kà á. "'Mo sùn ní Ilé Àlejò Tiwalọlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yàrá wọn mọ́ tónítóní, omi ń yọ, iná kì í lọ. Ẹ̀yin ará Kabba, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kó àlejò yín lọ.'" Ìràwọ̀ márùn-ún ló tò sábẹ́ rẹ̀.

"Orúkọ ta ló wà lókè?"

Tabitha wo òkè. Lois Bámgbóṣé ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ìyá mi," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Ìyá mi tí ẹ bá wa sin. Ẹ̀yin lẹ se ìrẹsì ìsìnkú yẹn, Iye Tiwalọlá! Ọdún kan máa pé lóṣù tó ń bọ̀, ni mo bá ní kí n wá ibi tí àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti Èkó máa sùn sí. Mo ní kí fóònù bá mi wá ilé àlejò ní Kabba, tiyín ló kọ́kọ́ yọ. Inú mi dùn, mo ní ilé wa ni. Mo wá ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa yín, àfi bí ìyá mi ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá! Yàrá kelòó lẹ fún un, Iye Tiwalọlá? Ṣé ó bá yín jẹun àárọ̀?"

Kí Tabitha tó ronú kan ohunkóhun, orúkọ ẹnì kan ti yọ sí i lọ́kàn: Godwin.

Ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ ni. Andrew Gbádéyan, ọkọ Tabitha, ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu búlọ́ọ̀kù rẹ̀, àmọ́ ikú mú un kí wọ́n tó kan òrùlé. Tabitha ló parí rẹ̀, tó fi orúkọ ọmọ wọn pè é. Láyé ìgbà kan, bí àlejò bá wọ Kabba, ọlọ́kadà ni yóò bi pé níbo lèèyàn lè sùn sí, ọlọ́kadà yóò sì gbé e wá. Nísinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń bi, fóònù kò sì mọ Tabitha rí. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan lẹ́bàá títì ló ń darí gbogbo wọn lọ. Odidi oṣù méjì ni yàrá mẹ́fà fi ṣófo.

Ìgbà yẹn ni Godwin wá, ọmọkùnrin kan láti Lókójà tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó ní, "Mà, ẹni tí kò bá sí lójú ewé àkọ́kọ́ lórí Gúgù, kò sí láyé." Ó ní òun máa gbé e dókè, ó sì gbé e dókè lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé Tiwalọlá ló ń yọ ṣáájú. Àwọn awakọ̀ àjàgbé, àwọn olùkọ́ tó wá ṣe ìdánwò àti àwọn tó wá wo ilẹ̀ ń ya wọlé. Àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Godwin ń fi àwòrán ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí i, Tabitha á kà á, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìràwọ̀ nìkan ló ń kà. Kò yẹ orúkọ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀bi yìí sì ni kò ní jẹ́ kó sùn fún ìgbà pípẹ́.

"Gbé mi dé ibùdókọ̀," ló sọ fún Ọmọ́ṣọlá. "Ìwọ náà á gbọ́ ọ létí ara rẹ."

Godwin rí wọn, ó dìde, eyín rẹ̀ funfun láúláú. "Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ ṣì wà lókè o! Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ti wá a tì!"

"Níbo lo ti rí Lois Bámgbóṣé?"

Ó ronú díẹ̀. Kò tilẹ̀ fura. "Ara ògiri ni, mà."

"Ògiri wo?"

"Ògiri ìlú yìí. Gúgù gbọ́n, mà. Bí mo bá kó orúkọ ará ibòmíì sí i, ó máa mọ̀ pé ayédèrú ni. Orúkọ ìbílẹ̀ ló fẹ́. Ni mo bá rìn yí ìlú ká, mo ń ya àwòrán àwọn pósítà."

Ta ni kò mọ àwọn pósítà yẹn? Láti ẹnu ọjà dé ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí, àwòrán àwọn òkú wa ló kún ara ògiri, ti ìsìnkú àti ti ìrántí ọdún. Ẹnikẹ́ni kì í fa á ya. Òjò ló ń bá wa ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀. Èèyàn á gba ibẹ̀ kọjá lọ ra ata, á rí ojú ẹni tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́, á mi orí, á sì máa lọ. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí ti lọ ń ṣa orúkọ bí ẹni ń ṣa káṣú lábẹ́ igi!

"Pósítà òkú," ni Tabitha wí.

"Ẹ gbọ́ ná, mà. Bí mo bá lo orúkọ alààyè, ó lè wá bínú. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò lè…" Ó rí ojú Ọmọ́ṣọlá.

"Parí ẹ̀!" ni Ọmọ́ṣọlá pariwo. "Ìyá mi kò lè kí ni?"

"Lókójà tí o ti wá," ni Tabitha béèrè, "ṣé wọn kì í kú níbẹ̀ ni? Ṣé wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀ sáyé? Èèyàn mélòó lo lò?"

"Mẹ́rìnlá, mà."

"Yọ wọ́n kúrò. Gbogbo wọn."

Godwin jókòó, ó fọwọ́ nu ojú. "Mà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí mo bá yọ wọ́n, ẹ máa já bọ́ sójú ewé kẹrin. Kérésì ti dé tán. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Ká má tan ara wa, ẹ̀rù ba Tabitha. Ó rántí yàrá mẹ́fà tó ṣófo. Ó rántí Rónkẹ́ tó ń fọ aṣọ ìbùsùn, tí kò níṣẹ́ míì. Àmọ́ bó ṣe wẹ̀yìn, ó rí Ọmọ́ṣọlá tó di fóònù mú mọ́ àyà, bíi pé ìyá rẹ̀ gan-an ló wà nínú rẹ̀.

"Mo ní kí o yọ wọ́n. Kí o sì máa pe orúkọ wọn bí o ṣe ń yọ wọ́n. O kọ wọ́n láìbi ẹnikẹ́ni. Lónìí, o máa mọ ẹni tí wọ́n jẹ́."

Lois ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni Godwin pe, "John Ọ̀ṣunbíyìí."

"Tíṣà mi ní kíláàsì kẹrin. Igi ló fi ń tilẹ̀, síbẹ̀ kò pẹ́ dé ilé ìwé rí. Kí lo ní ó sọ?"

"Pé… pé ìbùsùn yín tẹ́ òun lọ́rùn."

"Yọ ọ́."

"Hephzibah Ayọ̀wálé."

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sùn sílé àlejò kankan rí títí ó fi kú. Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ni mo ti ń ra epo. Kí ni kí n sọ fún obìnrin yẹn lọ́la, Godwin? Yọ ọ́!"

"Àlùfáà Yíìsá, Kírì." Godwin wúkọ́. "Ó ní… bíà yín tutù dáadáa."

"Kí lo wí?"

"Ó wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń wá, mà."

"O fi bíà sẹ́nu Àlùfáà! Bàbá Mùsùlùmí tó ń ti ìlú Kírì wá bá wa ṣàdúrà nígbà tí wọ́n ń la ilẹ̀ ilé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni wá!"

Ẹ̀rín já mọ́ Ọmọ́ṣọlá lẹ́nu kó tó mọ̀, ló bá di ẹkún. Tabitha fi ọwọ́ kan gbá a mọ́ra, ó sì ń fi ìkejì tọ́ka sí kọ̀ǹpútà pé kí Godwin máa bá a lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ wọ́n lọ. Kò sí ọ̀kan tí Tabitha kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Godwin ń relẹ̀ sí i.

"Ó ku ẹyọ kan," ló wí. "Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló dùn jù, òun ló ń ran yín lọ́wọ́ jù. Andrew Gbádéyan."

Ọmọ́ṣọlá fọwọ́ bo ẹnu.

Godwin kò mọ̀. Màmá Tiwalọlá ni gbogbo ìlú ń pe Tabitha, òun náà kò sì béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Tabitha rántí pósítà ìrántí bàbá rẹ̀ tí Tiwalọlá lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún Àjíǹde. Ó tẹ̀ síwájú, ó kà á fúnra rẹ̀. "Mo gbádùn ilé yìí gan-an. Ẹni tó ń bójú tó o ṣiṣẹ́ takuntakun. N ó tún padà wá láìpẹ́."

Ó tún un kà. Ohun tó ti ń wù ú láti gbọ́ láti ọdún mẹ́jọ nìyẹn, pé kí Andrew rí òrùlé yẹn, kó sì sọ pé o ṣiṣẹ́. Fún ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ohun tó wá bí i nínú jù nìyẹn, pé àjèjì kan lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kó fi irọ́ tọ́ òun lẹ́nu, kó sì dùn.

"Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?"

Godwin fi hàn án. Ẹ̀rọ béèrè bóyá ó dá a lójú. Tabitha tẹ̀ ẹ́.

"Wọ bàtà ẹ," ló wí. "Ilé mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ yìí. Èmi á kúnlẹ̀ nínú gbogbo wọn nítorí n kò ka ohun tí wọ́n fi orúkọ mi kọ. Ìwọ á dọ̀bálẹ̀."

Godwin ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì. "Ilé ta la máa kọ́kọ́ lọ, mà?"

"A kò tíì lọ ibì kankan. Dọ̀bálẹ̀ síbi tí o wà yẹn ná," ni Tabitha wí. "Èmi ni ìyàwó Andrew Gbádéyan."